Eṣinṣin Èso Nínú Oko Ọsàn Ẹ̀pẹ́: Ìgbà Tó Ń Pọ̀ àti Ìgbà Tó Ń Wọ́n

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn àgbẹ̀ onígi eléso, àwọn ìyá ọlọ́sàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá láti Pókà, láti Ọdọmọlà àti láti Agbówà lọ́hùn-ún, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kòkòrò tó ń jẹ́ kí ọsàn máa já bọ́ kó tó di owó. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín wá gbọ́ ni orúkọ oògùn, iye tí wọ́n ń tà á àti ibi tí ẹ ti máa rà á. A óò dé orí oògùn, ṣùgbọ́n a ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ni mo gbé wá. Bí ẹ bá mọ oṣù tí eṣinṣin yìí ń pọ̀, ẹ mọ oṣù tó ń wọ́n, ẹ sì mọ ohun tó fà á, ẹ ó rí i pé owó tí ẹ ń ná lé e lórí ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ọsàn ti ń já bọ́ lọ́tùn-ún lósì, owó tó pẹ́ kó tó jáde ni. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ló yẹ kí ẹ ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ronú kan ọsàn.

Kí n kọ́kọ́ tú àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sílẹ̀. Kantíkantí tó máa ń rọ́ yí ẹmu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ká, kì í ṣe òun. Ohun tó ti bàjẹ́ ni kantíkantí ń wá, kò lágbára láti gún ọsàn tó dá pé. Eṣinṣin ilé náà kọ́. Èyí tí mo ń wí tóbi tó eṣinṣin ilé, àmọ́ ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan kò ní í ṣì í mọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ìlà yẹ́lò méjì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn náà, àmì dúdú kan tó dà bíi lẹ́tà T wà lórí ikùn rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí i lórí èso á rò pé agbọ́n ni, wọn á sì sún sẹ́yìn. Abo rẹ̀ ní ohun ṣóńṣó kan ní ìdí bí abẹ́rẹ́, òun ló fi ń gún èèpo, tí á sì yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Bactrocera dorsalis ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ó ti gba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan, Nàìjíríà ò sì yọ sílẹ̀. Ní 2005 àwọn onímọ̀ rò pé irú kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni, wọ́n sọ ọ́ ní Bactrocera invadens. Ó di 2015 kí wọ́n tó fẹnu kò pé òun náà gan-an ni dorsalis ti Éṣíà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó ń pè é ní invadens, ẹ má rò pé kòkòrò méjì ló ń bá yín fà á. A ní ti ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, ìran Ceratitis. Ceratitis ditissima fẹ́ràn ọsàn gan-an, Ceratitis capitata náà kì í kọ ọ́. Wọ́n kéré sí àlejò yìí, ìyẹ́ wọn sì ní àbàwọ́n tótòtó. Wọ́n ṣì wà, àmọ́ níbi púpọ̀, àlejò ti lé onílé sí kọ̀rọ̀. Ti àlejò ni mo máa sọ jù.

Láti ìgbà tí wọ́n bá yé e ní ẹyin títí tí òun náà á fi máa yé ẹyin tirẹ̀, nǹkan bí oṣù kan ni nínú ooru tiwa yìí, ó lè fi ọjọ́ díẹ̀ lé e. Ọjọ́ kan sí méjì ni ẹyin fi ń pa. Ìdin á jẹ inú èso fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá ti yó, á jáde, á bọ́ sílẹ̀, á wọnú iyẹ̀pẹ̀. Kì í wọ̀ ọ́ jìn: sẹ̀ǹtímítà méjì sí márùn-ún, ìyẹn ò tó ìka kan. Níbẹ̀ ló ti ń di kókó kékeré kan tó le, aláwọ̀ ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá, eṣinṣin á yọ. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò tíì lè yé ẹyin. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ tó ní púrótéènì, irú èyí tó ń rí lára ìgbẹ́ ẹyẹ, lára oje tó ń ṣẹ́ lára igi àti lára èso tó ti ń kan, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ púrótéènì yẹn sápò, a óò padà yọ ọ́ lò. Ìrọ̀lẹ́ ni akọ àti abo ń pàdé, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà lóko títí wọ́n fi ń pe ìrun Màgáríbì, bí ẹ bá yẹ abẹ́ ewé wò lásìkò yẹn, ẹ lè rí àwọn akọ tí wọ́n kóra jọ, tí wọ́n ń gbọn ìyẹ́.

Kí ló wá ń jẹ́ kó pọ̀, kí ló ń jẹ́ kó wọ́n? Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ní yìnyín, òtútù ló ń ká a lọ́wọ́ kò. A ò ní òtútù tó tó bẹ́ẹ̀ níbí, ọyẹ́ wa kàn ń jẹ́ kí ètè sán ni. Ohun méjì ló ń dárí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: ọ̀rinrin ilẹ̀ àti oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rinrin ṣáájú. Kókó tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ á gbẹ pẹ̀lú rẹ̀. Òmíràn á yọ pẹ̀lú ìyẹ́ tó ká kò, kò sì ní í lè fò. Nítorí náà, láti ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá títí di ìgbà tí àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí òjò bá ti dé, ilẹ̀ rọ̀, ewé tuntun rú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òjò àpọ̀jù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò Èkó bá ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní í dá mọ́, àwọn kókó tó wà ní ibi tí omi ń dúró sí máa ń rì, àwọn tó ti gbọ́njú náà kì í fò káàkiri tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá wo pańpẹ́ rẹ̀ lásìkò náà lè rò pé wọ́n ti ń tán. Wọn ò tán, ìbòòji ni wọ́n sá sí.

Ní Borgou, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn tó sì le, eṣinṣin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pòórá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di ìgbà òjò kó tó tún yọjú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà ni a kọjú sí, afẹ́fẹ́ wa tutù yípo ọdún, iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ igi kò gbẹ tán. Iye rẹ̀ ń wálẹ̀ lóòótọ́, kì í dé òdo. Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù yẹn, ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, àwọn gan-an ni mo bá wá síbí.

Nípa ti oúnjẹ, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fún mi ní etí yín méjèèjì, torí ibí ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣì í. Ẹni tó bá ní oko ọsàn máa ń rò pé eṣinṣin ọsàn ni eṣinṣin òun. Eṣinṣin yìí kì í ṣe ti ọsàn. Àwọn tó yẹ èso wò ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà bá a lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú igi, èyí tí a gbìn àti èyí tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó. Máńgòrò ni àyànfẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn máńgòrò, gúáfà. Ó wà lára òro, èyí tí à ń rí ààpọ̀n nínú kóró rẹ̀. Ó wà lára kajú, lára ìyeyè, lára ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù, lára agbálùmọ̀. Igi kan sì wà tí a kì í fura sí rárá, igi fúrúùtù, èyí tó na ẹ̀ka gbọọrọ sí ojúlé, tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ta ayò, tí àwọn ọmọdé ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Nínú àwọn igi tí wọ́n yẹ̀ wò, fúrúùtù àti òro wà lára àwọn tí wọ́n bá ìdin jù lọ.

Ẹ wá to àwọn igi wọ̀nyí lé kàlẹ́ńdà. Agbálùmọ̀ ń pọ́n láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹrin. Kó tó tán, kajú àti máńgòrò àkọ́já ti dé, máńgòrò á sì máa bá òjò lọ títí wọ oṣù kẹfà. Gúáfà ń so nínú òjò. Òro ń já bọ́ nínú igbó nígbà òjò kan náà. Ìyeyè tẹ̀ lé e. Fúrúùtù ń so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Nígbà tí gbogbo èyí bá fi ń lọ, ọsàn wa ṣì wà lórí igi, ó tutù, ó le, kò tíì dùn-ún jẹ. Ó di oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, kí ọsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó dáadáa, títí dé oṣù kìíní. Ìyẹn ni pé eṣinṣin tó wá bá ọsàn yín, ilé onílé ló ti jẹun yó, ilé onílé ló ti bímọ, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani: fúrúùtù tó wà níwájú ilé yín àti máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni ilé ìbímọ rẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín, kí ẹ má bínú sí mi. Gbogbo wa la mọ bí ilẹ̀ ṣe ń tà ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, láti Ìtòìkín wá dé Ẹ̀rẹ̀dó. Ọgbà máńgòrò àti ọsàn tí àwọn bàbá wa gbìn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ní Lẹ́kí tàbí ní ìlú òyìnbó. Ẹni náà á fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, á ti géètì, á sì máa dúró de ọjọ́ tí owó ilẹ̀ á gbérí. Àwọn igi inú rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti tà wọ́n, wọ́n ń so lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó ń ká a, kò sí ọmọ tó lè fo fẹ́ǹsì náà. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń jẹrà sílẹ̀ náà ni eṣinṣin ń rú jáde lórí fẹ́ǹsì sí oko aládùúgbò. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ kí máńgòrò tó pọ́n. Ó lè gbà kí ẹ máa wọlé wá ṣa èso, ó sì lè má gbà. Ní tèmi, mo rò pé ó yẹ kí àwọn baálẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Abo kan lè yé ju 1,000 ẹyin lọ kó tó kú. Ká ní èèrà, ẹyẹ, oòrùn àti omi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tó fi jẹ́ pé abo 10 péré ló yè láti ara ìyá kan. Abo kan ṣoṣo tó wà láàyè ní òpin oṣù kejì á di 10 ní òpin oṣù kẹta, 100 ní òpin oṣù kẹrin, 1,000 ní òpin oṣù karùn-ún, 10,000 ní òpin oṣù kẹfà. Ìṣirò orí bébà nìyẹn o; nínú oko, oúnjẹ á dín, ọ̀tá á pọ̀, kò ní í gùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń sọ. Ẹni tó pa abo kan ní oṣù kejì ti ṣe ju ẹni tó pa ọgọ́rùn-ún ní oṣù karùn-ún lọ. Ẹni tó dúró di oṣù kọkànlá, omi ló ń gbọ́n nínú ọkọ̀ tó ti rì.

Ọsàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ mú ọsàn tútù kan, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀: oje tó fọ́n sí yín lójú tó ta yín yẹn, epo ni. Epo yẹn ń pa ẹyin àti ìdin eṣinṣin yìí. Abẹ́ epo náà, funfun tó nípọn wà níbẹ̀ tí ìdin gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó dé ibi tó dùn. Nígbà tí ọsàn bá ṣì le, ọ̀pọ̀ ẹyin tí wọ́n yé sí i ló ń kú sínú èèpo. Bó bá gbó tán tí kò sí ẹni tó ká a, epo èèpo á dín agbára, èèpo á rọ̀, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Ìdí nìyí tí oko tí wọ́n ń ká lásìkò kì í fi í jìyà bí oko tí olówó rẹ̀ ń dúró de kí owó ọsàn gbé pẹ́ẹ́lí lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì. Mo mọ̀ pé ọjà ló ń fà á. Àmọ́ ẹ fi èyí tó ń já bọ́ láàárín ìgbà tí ẹ fi ń dúró yẹn kún ìṣirò yín, ẹ ó rí i bóyá èrè ló wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọsàn tó já bọ́ ni eṣinṣin ṣe o. Àfòpiná kan wà tó ń wá lóru, ẹnu rẹ̀ gùn, ó le, ó fi ń gún ọsàn tó gbó mu. Ihò tirẹ̀ hàn kedere, kò sì ní ìdin. Ọ̀dá náà ń mú kí igi sọ ọmọ sílẹ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ wádìí. Ẹ mú ọsàn kan tó já bọ́ lónìí, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ yí i wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ eṣinṣin ni, ẹ ó rí ojú abẹ́rẹ́ kékeré kan tí àyíká rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, tó sì rọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, omi á sun jáde láti ojú náà. Ẹ là á níbẹ̀. Ìdin funfun ni, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ tóbi. Ẹ mú èyí tó dàgbà jù nínú wọn sórí tábìlì, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Á ká ara rẹ̀ kò, á fi ẹnu di ìdí mú, lójijì á tú ara sílẹ̀, á sì ta sókè kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fò kúrò lára ọsàn tó bọ́ sórí ilẹ̀ líle láti wá ibi tó rọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe é, ẹ ò ní í gbàgbé rẹ̀.

Ó wá kan pańpẹ́. Ike omi tó ṣófo ti tó. Ẹ lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí apá òkè rẹ̀, kí ìka kékeré lè gbà á. Ẹ so òwú tí ẹ ti rẹ sínú methyl eugenol, ohun olóòórùn tó ń fa eṣinṣin yìí, àti oògùn apakòkòrò díẹ̀ kọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka tó wà ní ìbòòji, ní ìwọ̀n gíga ènìyàn, kí ẹ sì fi gíríìsì kun wáyà tó gbé e kọ́, torí bí èèrà bá ráyè wọ̀ ọ́, wọn á kó òkú yín jẹ, ìṣirò yín á sì di irọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da ohun tó wà níbẹ̀ jáde, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ká ní pańpẹ́ mẹ́ta mú eṣinṣin 84 ní ọjọ́ méje: ẹ fi mẹ́ta sọ méje di púpọ̀, ó jẹ́ 21, ẹ fi 21 pín 84, ó jẹ́ 4. Eṣinṣin mẹ́rin fún pańpẹ́ kan lójúmọ́ nìyẹn. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa fi wé ti oṣù tó kọjá, ti ọdún tó kọjá àti ti oko kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì: ṣé òjò rọ̀, èso wo ló ń pọ́n ládùúgbò? Ẹni tó bá ṣe èyí fún ọdún méjì á mọ oko rẹ̀ ju èmi tí mo wá sọ̀rọ̀ lọ.

Kókó kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ tẹnu mọ́. Akọ nìkan ni methyl eugenol ń fà. Ike tó kún fọ́fọ́ máa ń dùn mọ́ àgbẹ̀ nínú, á gbé e yí ká fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí. Akọ díẹ̀ tó ṣẹ́kù tó láti gun gbogbo abo tó wà lóko. Àyàfi bí ẹ bá pa akọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, abo á máa yé ẹyin rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti ṣe é rí, kì í ṣe irọ́. Ní erékùṣù Rota ní Òkun Pàsífíìkì, ní 1962 sí 1963, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi da àwọn pátákó kéékèèké tí wọ́n rẹ sínú methyl eugenol àti oògùn sílẹ̀ káàkiri, títí akọ fi tán, tí ìran náà sì parẹ́. Japan náà lo irú ọgbọ́n yìí ní àwọn erékùṣù rẹ̀ tó wà ní gúúsù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1986. Erékùṣù ni wọ́n, omi òkun yí wọn ká. Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sà níwájú, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú wà lẹ́yìn wa, igbó so wá pọ̀. Bí a pa ti wa lónìí, ti aládùúgbò á dé lọ́la. Fún ìdí yìí, ẹ lo pańpẹ́ fún kíkà, kó lè sọ fún yín pé ọ̀tá ti ń gòkè. Ẹ má fi ṣe ohun ìjà kan ṣoṣo tí ẹ ní.

Ohun ìjà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù kò ní owó nínú, ìdí nìyẹn tí kò fi wu ẹnikẹ́ni. Ẹ máa ṣa èso tó já bọ́. Kì í ṣe ti ọsàn nìkan: máńgòrò, gúáfà, fúrúùtù, agbálùmọ̀, gbogbo rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ó kéré tán, nítorí ìdin kì í dúró de yín. Bí ẹ bá ṣa á jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ kàn ṣí ilé ìwòsàn aláboyún fún un ni. Ẹ gbẹ́ kòtò kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ dà á sí i, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ kò bá lè gbẹ́lẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú, ẹ di ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á sè é. Ẹ jẹ́ kí adìẹ máa tan ilẹ̀ abẹ́ igi, wọ́n ń ṣa kókó jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni púrótéènì tí mo ní kí ẹ fi sápò. Ebi púrótéènì ń pa abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó sì máa wá a dé ibi yòówù. Àwọn kan ń po oúnjẹ púrótéènì pọ̀ mọ́ oògùn apakòkòrò, wọn á wọ́n ọn sí ibì kan ṣoṣo lára igi, ní abẹ́ ewé, tí kò fẹ̀ ju mítà kan níbùú lóròó lọ, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Abo á wá jẹ ẹ́, á kú kó tó yé ẹyin kan. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ìwúkàrà tó ṣẹ́kù nílé iṣẹ́ ọtí bíà ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ náà. Ìgbà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí nọ́ńbà inú ìwé yín bá kọ́kọ́ gbé orí sókè lẹ́yìn àkọ́rọ̀. Kò wà fún ìgbà tí ọsàn ti gbó.

Mo tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún èèrà. Èèrà pupa ni mo ń wí, èyí tó ń fi ewé rán ilé sórí igi ọsàn, tó ń gé àwọn tó ń ká ọsàn jẹ dé abẹ́ apá. Gbogbo oko tí mo bá dé ni wọ́n ti ń fi iná jó o. Ní Ṣáínà láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ ọlọ́sàn máa ń ra ìtẹ́ irú èèrà bẹ́ẹ̀ lọ́jà, wọ́n á gbé e kọ́ sórí igi wọn. Ìwé tó sọ ọ́ wà láti nǹkan bí ọdún 304. Ní Benin tó múlé gbè wá, àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé igi máńgòrò tí èèrà yìí wà lórí rẹ̀ kì í ní ìdin tó èyí tí kò ní. Ó ń jẹ ìdin, òórùn ara rẹ̀ lásán sì ń lé abo sá. Bí ẹ bá fẹ́ ká ọsàn, ẹ fi eérú pa apá àti ẹsẹ̀, ẹ yára ṣe é ní òwúrọ̀.

Àwọn agbọ́n kéékèèké náà wà, tí wọ́n ń yé ẹyin tiwọn sínú ẹyin tàbí ìdin eṣinṣin yìí. Ìtàn wọn dùn mọ́ mi. Ní 1912 sí 1913, ìjọba Hawaii rán Filippo Silvestri, onímọ̀ kòkòrò ará Ítálì, wá sí Áfíríkà láti wá ọ̀tá fún eṣinṣin Ceratitis tó ń bá wọn jà, nítorí Áfíríkà ni eṣinṣin ọ̀hún ti lọ bá wọn. Ó dé Gúúsù Nàìjíríà, ó sì kó agbọ́n lọ láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lónìí ọ̀nà ti yí padà: agbọ́n Fopius arisanus, ọmọ Éṣíà tó ti pẹ́ ní Hawaii, ni wọ́n kó wá sí Áfíríkà láti bá dorsalis jà. Bí ẹ bá fẹ́ ran irú wọn lọ́wọ́, ẹ ta àgọ́ kékeré kan tí àwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ tó láti jẹ́ kí agbọ́n gbà, tí kò sì gba eṣinṣin, kí ẹ máa da èso tó já bọ́ sínú rẹ̀. Eṣinṣin á yọ, á kú síbẹ̀. Agbọ́n á jáde lọ ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fi ìdáhùn wọn kún un.

Bàbá kan béèrè bóyá ìdin inú ọsàn lè ṣe ènìyàn níbi. Rárá, bàbá. Kò lè gbé inú ènìyàn, ìríra ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí ló dé tí òun kò fi ní í fi oògùn wẹ gbogbo igi látòkè délẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ parí. Oògùn tí o wọ́n sí èèpo kò dé ọ̀dọ̀ ìdin tó wà nínú èso, kò sì dé ọ̀dọ̀ kókó tó wà nínú ilẹ̀. Èèrà, agbọ́n àti oyin tó wá sórí òdòdó ló máa pa. Ọ̀sẹ̀ kejì, eṣinṣin á yọ láti inú ilẹ̀, kò sì ní í bá ọ̀tá kankan níta.

Ìyá ọlọ́sàn kan ló bi mí ní èyí tó gún mi jù. Ó ní Benue ni ọsàn tí àwọn ń tà ti ń wá, ọkọ̀ ńlá ló ń já a, èyí tó bá ti rọ̀ nínú àpò, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni àwọn ń dà á sí. Ṣé ìyẹn náà kan àwọn tó ní oko? Ó kàn wọ́n, ìyá wa. Ìdin tó wọ ọsàn ní Benue lè di eṣinṣin lẹ́yìn ìsọ̀ yín, á sì wá máńgòrò tó sún mọ́ ọn. Ẹ má dà á sílẹ̀. Ẹ ní kí ìyálọ́jà bá yín wá dúrọ́ọ̀mù kan tó ní ìdérí fún ẹgbẹ́ yín. Ẹ máa kó èyí tó rọ̀ sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó wà nínú dúrọ́ọ̀mù nínú oòrùn títí ọkọ̀ akólẹ̀ á fi dé. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ kó tó wá, kò burú, ọ̀sẹ̀ kan nínú ọ̀rá dídì ti tó láti pa wọ́n. Èyí tí kò tíì rọ̀ tán, tí ẹ bá ń gé e fún ewúrẹ́, ẹ rí i pé ó jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà.